Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ẸNI TÍ YÓÒ LO NǸKAN NI KÍ Á BI LÉÈRÈ

Bí ẹ bá wá gba ẹ̀yáwó owó ilé-ìwé, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé dókítà tàbí lọ́yà ni ọmọ yóò ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà láàárín ti dókítà àti ti ẹnjinníà, èyí ni ṣíṣe ẹ̀rọ tó ń ran ara ènìyàn lọ́wọ́: kẹ̀kẹ́ arọ, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, àti ohun tí arúgbó fi lè dá gbé ilé rẹ̀ láìséwu. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rory Cooper, ọmọ Amẹ́ríkà, sójà ni tẹ́lẹ̀. Ní 1980, ní Jámánì, ọkọ̀ kọlù ú lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́. Láti ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ arọ ló ń lò. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó padà sílé ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California ní Santa Barbara ní 1989. Ní 1988 pàápàá, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú eré ìje àwọn aláàbọ̀ ara lágbàáyé ní Seoul. Ní 1994 ó dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Yunifásítì Pittsburgh, pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ẹ wò ó: ẹni tó ń fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ arọ, ọwọ́ rẹ̀ ti di ẹsẹ̀. Bí èjìká bá tún bàjẹ́, ìṣòro di méjì. Wọ́n ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan, SmartWheel, tó ń wọn bí ọwọ́ ṣe ń tì í lágbára tó àti iye ìgbà tó ń tì í. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló kọ́ni pé kí á máa tì í gùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í ṣe kéékèèké léraléra. Kí kẹ̀kẹ́ sì fúyẹ́, kó bá ara ẹni tó ni ín mu. Wọ́n tún ṣe PneuChair, kẹ̀kẹ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ inú àgbá rìn. Kò ní bátìrì, nítorí náà ó ṣe é gbé wọ ibi omi. Ní 2023 Cooper gba àmì-ẹ̀yẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ wà nídìí ṣíṣe rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ní ohùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa, bí bàbá tàbí ìyá kò bá lè rìn mọ́, kẹ̀kẹ́ tí a bá kọ́kọ́ rí lọ́jà la máa ń rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n jókòó sí i. Ṣé ọwọ́ wọn dé ibi tí wọn yóò ti tì í? Ṣé ẹsẹ̀ wọn rí ibi sinmi lé? Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀lú. Kẹ̀kẹ́ tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá, àga lásán ni.

Ọmọ tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, kó mú ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì dání dáadáa.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ta ló wà nínú ilé yín tí ohun èlò rẹ̀ kò bá a lára mu? Ṣé ẹ ti bi í léèrè rí?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́