Ẹ̀kọ́ Nípa Atalẹ̀ Pupa: Ohun Tí Ó Lè Ṣe fún Ọkàn àti Ẹ̀jẹ̀, àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Atalẹ̀ pupa kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìbátan atalẹ̀ tí ń ta lẹ́nu ni. Bí a bá gé e, inú rẹ̀ a pọ́n bí èso ìyeyè. Òun ni ó ń fún kọ́rì ní àwọ̀. Ilẹ̀ Íńdíà ni a ti ń gbìn ín jù lọ, níbi tí ó ti jẹ́ oúnjẹ, aró àti egbòogi láti ayébáyé. Nísinsìnyí òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi ń pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ tì, tí wọ́n sì ń mu omi rẹ̀ nìkan. Nítorí èyí ó yẹ kí a mọ òtítọ́ ọ̀ràn náà.

I. Ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1815, ní ilẹ̀ Faransé, Vogel àti Pelletier yọ ohun tí ń fún un ní àwọ̀ jáde. Orúkọ rẹ̀ ni curcumin. Nínú 100 gíráàmù atalẹ̀ pupa tí a lọ̀ kúnná, curcumin jẹ́ bí 3 gíráàmù péré. Ìfun kì í sì gbà á dáadáa. Èyí tí ó bá wọlé, ẹ̀dọ̀ a tètè lé e jáde. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Bangalore fún àwọn ènìyàn ní 2 gíráàmù curcumin pẹ̀lú 20 mílígíráàmù piperine, èyí tí ń mú ata dúdú ta. Èyí tí ó dé inú ẹ̀jẹ̀ di bí ìlọ́po 20. Piperine wà nínú iyèré pẹ̀lú.

II. Ohun tí a rí. Ní ọdún 2012, ní ilẹ̀ Thailand, a kó 240 ènìyàn jọ tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga ṣùgbọ́n tí kò tí ì di àtọ̀gbẹ. A fún apá kan ní curcumin nínú kápúsù lójoojúmọ́. A fún apá kejì ní kápúsù tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, bí 16 nínú 100 àwọn apá kejì ti ní àtọ̀gbẹ. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn ti ìṣáájú. Àwọn ìdánwò mìíràn fi hàn pé ó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀.

Èyí dára, ṣùgbọ́n kí a kíyèsí i: gíráàmù kan àti ààbọ̀ ni wọ́n ń lò lójúmọ́. Kí ènìyàn tó rí ìyẹn nínú atalẹ̀ pupa lílọ̀, yóò jẹ tó 50 gíráàmù. Ọbẹ̀ wo ni yóò gba èyí? Bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì sí ìdánwò ńlá, ọlọ́jọ́ pípẹ́, tí ó fi hàn pé ó ń dènà rọpárọsẹ̀ tàbí ikú àrùn ọkàn.

III. Ìkìlọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í rọ́pò oògùn dókítà. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ẹni tí ó ní òkúta nínú àpò òróòro, kí ó kọ́kọ́ bèèrè kí ó tó lo kápúsù rẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ròyìn ènìyàn mẹ́wàá tí irú kápúsù bẹ́ẹ̀ ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Ẹnì kan kú. Bí ojú bá pọ́n bí ìyeyè tí ìtọ̀ sì dúdú, kí olúwarẹ̀ dáwọ́ dúró, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ilẹ̀ Bangladesh, àwọn oníṣòwò kan máa ń fi aró olójé kún un tẹ́lẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ lè tàn. Ní ọdún 2019, bí ìdajì èyí tí a yẹ̀ wò lọ́jà ni ó ní òjé; nígbà tí ìjọba dìde sí i, kò sí mọ́ ní ọdún 2021. Òjé a sì máa mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ohun tí à ń jẹ nítorí ọkàn ni yóò wá pa ọkàn lára.

IV. Gbígbìn. Èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ni ó dájú jù. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí àgbẹ̀ gbin ègé tí ó ní ojú sórí ebè. Lẹ́yìn oṣù méje sí mẹ́sàn-án, nígbà tí ewé bá gbẹ, kí ó wú u, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sè é títí yóò fi rọ̀, kí ó sá a gbẹ, kí ó sì lọ̀ ọ́. Kí a fi í sínú ọbẹ̀ pẹ̀lú iyèré díẹ̀, kí a dín iyọ̀ kù, kí a sì máa lo oògùn wa déédéé.

Ìbéèrè
1. Èéṣe tí atalẹ̀ pupa inú ọbẹ̀ kò fi lè ṣe iṣẹ́ tí kápúsù ṣe ní Thailand?
2. Àwọn wo ni ó yẹ kí ó bèèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó lo kápúsù náà?
3. Báwo ni àgbẹ̀ ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ewu òjé?