Nǹkan Oṣù Ò Ní Ká Má Nájà

Àbúrò mi, bí nǹkan oṣù bá ká ọ mọ́ ọjà Owódé níbí l'Ọ́fà, má wulẹ̀ sá relé. Jókòó tì mí, kí n sọ ohun tí mo máa ń ṣe.

Àpò kékeré kan kì í kúrò nínú báàgì mi: páàdì méjì, pátá kan, ọṣẹ díẹ̀, pínnì, ọ̀rá dúdú. Má fi ọ̀rá yẹn ṣeré o. Inú rẹ̀ ni páàdì tí o bá bọ́ ń lọ, bí kò bá sí ike ìdọ̀tí nítòsí.

Fọ ọwọ́ kí o tó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà. Gbé báàgì kọ́ ọrùn, ká ìró rẹ sókè, fi pínnì mú un, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè. Ká páàdì àtijọ́ mọ́ra, fi ọ̀rá ara tuntun wé e. Má jẹ́ kí páàdì kan ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ lára rẹ, bí kò tilẹ̀ tíì kún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan aṣọ, omi tútù ni kí o kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́; omi gbígbóná ló ń jẹ́ kó mú aṣọ.

Jọ̀ọ́, má ju páàdì sí ṣáláńgá. Ike wà lára páàdì, kì í jẹrà bọ̀rọ̀, kòtò á sì tètè kún. Mo máa ń fẹ̀rín sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, torí owó tí wọ́n fi ń kó kòtò ju owó ike ìdọ̀tí olómorí lọ fíìfíì.

Ṣebí owó la ń san ká tó wọlé? Nítorí náà, béèrè! Ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú. Iná. Omi àti búútà nínú yàrá gan-an, kì í ṣe níta tí gbogbo ọjà á ti máa wo ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ìṣó kan lára ògiri, tí a ó máa fi kọ́ báàgì. Èló ni ìṣó?

Ìjọba pàápàá ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí: láti 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó orí ọjà (VAT) kúrò lórí páàdì tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Ní Scotland, òfin ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2022. Ní Owódé tiwa, ká ṣì rí omi àti ìlẹ̀kùn ná.

Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ni àyájọ́ ìmọ́tótó nǹkan oṣù lágbàáyé, láti 2014. Kó tó pé, kó ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ lọ kúnlẹ̀ kí ìyálọ́jà, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ fún un. Ẹ mú ìṣó dání.