Ọmọ Adití Lè Kàwé

Ọmọ kan wà ní àdúgbò. A pè é, kò dáhùn. A pariwo, kò bojú wẹ̀yìn. Kì í ṣe olóríkunkun. Kì í ṣe òmùgọ̀. Etí rẹ̀ ló di. Nítorí pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rí, kò rí ọ̀rọ̀ kọ́ sọ.

Àwọn àgbà ní ìyá odi ní í gbọ́ èdè odi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá lọ sí ọjà ńkọ́? Bí ìyá bá kú ńkọ́? Ta ni yóò gbọ́ èdè ọmọ náà?

Ní ilé-ìwé àwọn adití, ọmọ yóò kọ́ èdè ọwọ́ tí àwọn ẹlòmíràn náà gbọ́. Yóò mọ̀wé kọ, yóò mọ̀wé kà.

Ẹ wo Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. A bí i ní 1925. Nígbà tó di ọmọ ọdún 11, àìsàn dí i létí. Síbẹ̀, ó gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet ní 1954. Ní 1957, ó dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ghana. Ní 1960, ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Adití ló ń kọ́ adití.

Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí ní gbogbo ìlú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ilé tí àwọn ọmọ ń sùn sí, tí à ń pè ní bọ́dìn. Níbẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ àti nídìí eré.

A mọ̀ pé ó ń dun òbí láti fi ọmọ sílẹ̀. Ọmọ yìí kò lè gbọ́ "Màá padà wá." Ẹsẹ̀ yín ni yóò sọ ọ́ fún un. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ ìbẹ̀wò kan kọjá láìlọ.

Bí ó bá gba ọlidé, ẹ mú un wálé. Ẹ ní kí ó kọ́ yín ní èdè ọwọ́ rẹ̀: omi, oúnjẹ, wá, ẹ ṣeun. Bí ará ilé kò bá gbọ́ èdè rẹ̀, àlejò ni yóò jẹ́ ní ilé bàbá rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí ọmọ adití kì í fi í sọ̀rọ̀?
2. Kí ni à ń pè ní bọ́dìn?
3. Kí ni ó yẹ kí òbí ṣe nígbà ọlidé?