Òrí Kì í Ṣe Omi

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn ló kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí. Kò fẹ́ kí orúkọ òun jáde, nítorí náà Ìyá Aláṣọ ni òpó yìí yóò máa pè é. Kì í ṣe inú dígí ló ti kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣe é. Ó ń ṣí léèsì fún oníbàárà kan lọ́jọ́ náà ni ìka rẹ̀ há mọ́ òwú, tó sì fà á tu. Oníbàárà wo léèsì, ó wo ọwọ́ ìyá, ó ní òun ń bọ̀. Títí di ọjọ́ tí ìyá kọ lẹ́tà, kò tíì dé.

Ẹni ọdún 52 ni. Oṣù kẹrìnlá rèé tó ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Ojúgun rẹ̀ funfun bí ẹni tó gba inú eérú kọjá, gìgísẹ̀ rẹ̀ là, ara sì ń yún un lóru débi pé òòyà ló fi ń yún ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn, pàápàá lẹ́yìn ìwẹ̀, á dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ọdẹ orí ni. Ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó lọ́jà ní ọwọ́ ayé ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìyá yìí ń ṣe ọ̀lẹ lórí ìmọ́tótó: ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń wẹ̀, pẹ̀lú omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, á sì ha ara dáadáa. Ó tún ń mu àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ. Ìbéèrè tó fi parí lẹ́tà náà nìyí: ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde mọ́ ló ń di ìdọ̀tí sí òun lára?

Rárá. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò há síbì kankan.

Ohun tí obìnrin ń rí lóṣooṣù ni ìtẹ́ tí ilé ọmọ tẹ́ sílẹ̀ de oyún, tí oyún kò wá, tí ilé ọmọ sì kó o dànù. Nígbà tí àpò ẹyin kò bá pàṣẹ mọ́, ilé ọmọ kò ní tẹ́ ohunkóhun, kò sì ní rí ohun tí yóò kó dànù. Ilé tí wọn kò dáná, ta ní ń kó eérú níbẹ̀? Láàárín ọdún 45 sí 55 ni èyí máa ń dé bá ọ̀pọ̀ obìnrin. Bí oṣù 12 bá ti kọjá láìrí nǹkan oṣù, tí kì í ṣe oyún tàbí àìsàn ló fà á, àwọn dókítà gbà pé ó ti parí nìyẹn.

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe kékeré, nítorí òun ló bí ìyókù. Ẹni tó bá gbà pé ìdọ̀tí wà lára òun, fífọ ni yóò máa fọ̀ ọ́. Ìyá Aláṣọ ń ha ara tí òróró rẹ̀ ti ń tán, ó sì ń pe ohun tó ń bá kànìnkànìn jáde ní ìdọ̀tí. Awọ ara rẹ̀ ni. Àgbo náà ńkọ́? Kí ó má mu ún mọ́. Kò sí ohun tí yóò fọ̀ níbẹ̀.

Họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójẹ̀nì lolórí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ti oyún nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ara náà ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ sílẹ̀, òróró tí awọ ń sun jáde á dín kù. Ọ̀rá tó so òkè awọ pọ̀, bí sìmẹ́ńtì ṣe ń so búlọ́ọ̀kù, á máa sán, omi inú ara á sì máa rí ihò gbà jáde. Kọ́lájìn náà ń lọ, ìyẹn okùn tó jẹ́ kí awọ nípọn kó sì le. Ìṣirò àwọn dókítà awọ ni pé nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ ló ń lọ láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà ó di nǹkan bí ìdá 2 lọ́dọọdún. Lára aláwọ̀ dúdú, èyí kò ṣeé fi pamọ́: èèpo wẹ́wẹ́ tó ń ṣí lórí awọ ló ń fún ojúgun ní àwọ̀ eérú tí Ìyá Aláṣọ rí.

Èèrà abẹ́ awọ náà kì í ṣe àlá. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n láàárín àwọn obìnrin tó wà ní ìgbà yìí, kódà inú orúkọ èèrà ní èdè Látìnì ni wọ́n ti fa orúkọ tí wọ́n ń pè é yọ. Ẹ̀gbọ́n tó dárúkọ ọdẹ orí náà kò sọ ìsọkúsọ: oníṣègùn ọpọlọ kan, R. O. A. Makanjuola, kọ̀wé nípa ọdẹ orí láàárín àwọn Yorùbá nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ọdún 1987. Ṣùgbọ́n inú orí ni tọ̀hún ti ń rìn jù, ó ń hó létí, àìsùn àti àníyàn sì ń bá a rìn. Bí Ìyá Aláṣọ bá rí ìwọ̀nyí, kí ó sọ fún dókítà láìtijú. Èyí tó kọ sínú lẹ́tà wà ní ẹ̀yìn àti ojúgun, ó sì ń le lẹ́yìn omi gbígbóná. Awọ ni ìyẹn ń tọ́ka sí. Ní ti ọwọ́ ayé, kí ó kọ́kọ́ yí omi ìwẹ̀ padà ná.

Ọṣẹ dúdú ló ṣòro láti sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni yóò bínú. Ọṣẹ tó mọ́ ara ni, kò sẹ́ni tó jiyàn. Eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi sè é pẹ̀lú àdín ló fún un lágbára, agbára yẹn náà ló sì ń kó òróró lọ. Lórí ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní pH, omi lásán wà ní 7, awọ ara ènìyàn wà ní nǹkan bí 5, ọṣẹ dúdú sì máa ń lé ní 9. Ọmọ ogún ọdún lè fara dà á, torí kí ilẹ̀ tó ṣú awọ rẹ̀ á ti sun òróró mìíràn. Awọ Ìyá Aláṣọ kò yára tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí omi ìwẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ìwẹ̀ má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹni tó jókòó sínú eruku Gbági láti àárọ̀ kò lè sùn láìwẹ̀, ṣùgbọ́n ìwẹ̀ alẹ́ kò ní kí ọṣẹ kan gbogbo ara: abẹ́ apá, ìdí àti ẹsẹ̀ ló nílò ọṣẹ, omi tó fún apá àti ojúgun. Ọṣẹ tí kò le, tí kò sì ní òórùn dídùn, ló dára jù. Kànìnkànìn? Kí ó fi í fọ ìkòkò. Àtẹ́lẹwọ́ tàbí aṣọ rírọ̀ ti tó fún ara.

Ìyá Aláṣọ kọ ọ́ pé òun ń fi òrí pa ara, òrí gidi tí wọ́n ń kó wá láti Ṣakí, síbẹ̀ kò ran òun. Ó ní bí òun bá ti wẹ̀ tán, òun á nu ara gbẹ, òun á ṣètò oúnjẹ, òun á wọṣọ, kí òun tó wá rántí òrí. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà, òpó yìí sì fura pé ìdajì àwọn tó ń ka èyí ń ṣe bákan náà. Òrí kì í ṣe omi. Ìdérí ni. Ẹni tó dé ìkòkò òfìfo, kí ló fẹ́ bá nínú rẹ̀ lọ́la? Kí omi tó wà lára lẹ́yìn ìwẹ̀ tó gbẹ, láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 5, ni kí òrí ti dé e. Kí ó fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ ara jẹ́jẹ́ láì nù ún gbẹ, kí ó yọ́ òrí díẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kí ó fi pa ara nínú balùwẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó jáde. Bí kò bá sí òrí, Básílìnì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Láti ọdún 1872 tí Robert Chesebrough ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nǹkan díẹ̀ ló tíì sé omi mọ́nú awọ jù ú lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìpara olóòórùn dídùn tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Gilisirín tiẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra; ara tútù ni kí wọ́n fi í pa, kí wọ́n sì fi òrí dé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò ní omi, inú awọ ni yóò ti wá omi fà.

Ọyẹ́ kò ní fún Ìyá Aláṣọ ní ìsinmi. Láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta ni afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà ń fẹ́ wá, gbígbẹ tó ń jẹ ètè àwọn ọmọdé sì ń jẹ ẹsẹ̀ àwọn ìyá wọn. Lásìkò yẹn, kí ó máa fi òrí pa ara lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Àwọn tó ń sọ pé kó mu omi jálá mẹ́ta kí awọ lè tutù, ẹ jọ̀ọ́. Omi mímu dára fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ṣùgbọ́n awọ tí ihò wà lára rẹ̀ yóò kàn máa jò ni.

Ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó lọ́jà tún ti fún un ní ìpara kan nínú túùbù, èyí tó ní ó ń pa ìyúnni lójú ẹsẹ̀. Ó ń pa á lóòótọ́. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ irú wọn. Tí wọ́n bá fi ń pa ara fún ìgbà pípẹ́ láìsí dókítà, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, awọ tí ọjọ́ orí ti ń sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ sí bíbóra kò jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yetunde Mercy Olumide, dókítà awọ, ti kọ odindi ìwé ńlá lórí bíbóra ní ọdún 2016. Kí Ìyá Aláṣọ dá túùbù padà, kí ó sì máa wo ara ike ohun tó bá rà bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara gbígbẹ ni ọjọ́ orí fà. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ jù, tó ń dìde tọ̀ léraléra lóru, kí ó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí òtútù bá ń mú un níbi tí ooru ti ń mú ẹlòmíràn, tó ń sanra láìjẹun jù, tí ìgbẹ́ sì ń le, ó lè jẹ́ ẹṣẹ́ tàírọ́ìdì ọrùn rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ tó. Nǹkan kan tún wà nínú lẹ́tà tí kò gbọdọ̀ fò wá kọjá: Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá ló dàgbà sí. Àwọn ará Ìbàràpá mọ inárun, ìyúnni tí eṣinṣin dúdú kékeré ẹ̀bá odò tó ń sáré máa ń fà, tí kòkòrò rẹ̀ sì lè fọ́ ojú. Ivermectin loògùn rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Merck sì ti ń fi í tọrẹ láti ọdún 1987. Kí ó sọ ibi tó gbé dàgbà fún dókítà. Dókítà Ìbàdàn lè má ronú kàn án. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú awọ ara, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá sì kọjá tí ìyúnni kò dín, kí ó lọ síbẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà, pẹ̀lú bírò mìíràn, ó fi ìlà kan kún un pé ojú ara òun náà ń gbẹ, àti pé bàbá àwọn ọmọ ti ń bínú. Ohun kan náà ló fà á. Kí ó má fi álọ́ọ̀mù, kafúrà tàbí ọṣẹ kankan síbẹ̀, ohun yòówù kí àwọn olójà máa sọ. Wọ́n ń mú un gbẹ sí i ni. Ilé oògùn ń ta ohun yíyọ̀ tí wọ́n fi omi ṣe, tí wọ́n ń lò kí ọkọ àti aya tó sún mọ́ra. Bí ìyẹn kò bá tó, dókítà lè kọ ẹ́sítírójẹ̀nì tí wọ́n ń fi síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún un. Oògùn họ́mọ̀nù tí wọ́n ń gbé mì náà wà, ṣùgbọ́n dókítà kì í kọ ọ́ nítorí awọ ara nìkan, ẹni tó bá sì ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn oṣù 14 yìí, bó ti wù kó kéré mọ, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ó ku ọwọ́ tó ń fa léèsì tu. Lálẹ́, kí ó fi òrí pa ọwọ́ àti gìgísẹ̀ nípọn, kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sí ẹsẹ̀ sùn. Ìpara tó ní urea ìdá 10 nínú 100 ń ran gìgísẹ̀ tó là gan-an lọ́wọ́. Kí ó máa fọ aṣọ ìsùn rẹ̀ déédéé, kí ó sì jìnnà sí àbẹ́là: ní ọdún 2018, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Bìrìtéènì kìlọ̀ pé aṣọ tí irú ìpara bẹ́ẹ̀ ti mu ń yára gbiná. Ní ṣọ́ọ̀bù, kí òrí má dé ọwọ́ rẹ̀ rárá, àbààwọ́n rẹ̀ kì í kúrò lára léèsì. Ìpara fífúyẹ́ díẹ̀ ni kí ó fi pa á lẹ́yìn tó bá fọwọ́, kí ó dúró kí ó wọra. Kí ó fi fáìlì dán etí èékánná. Bí oníbàárà ọjọ́ náà bá sì padà wá láàárín oṣù kan, kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá a ṣí léèsì náà.