ÌLÀNÀ IBODÈ: OHUN TÍ ÀGBẸ̀ ÀTI ONÍṢÒWÒ NÍ LÁTI MỌ̀

Ní ayé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó ní ẹnu ibodè ìlú, a sì máa gba owó lọ́wọ́ alájàpá tí ó bá gbé ẹrù kọjá. Lóde òní, àwọn aṣọ́bodè tí a ń pè ní Kọ́sítọ́ọ̀mù ni ó wà ní ipò náà. Ṣùgbọ́n ìjọba wa àti ti àwọn aládùúgbò wa ti ṣe àdéhùn láti mú kí ọ̀nà náà rọrùn. Ó yẹ kí a mọ ohun tí àdéhùn náà wí, nítorí pé ata àti tòmátì kì í dúró de ẹni tí kò mọ ìlànà. Jíjẹrà ni wọn yóò jẹrà.

Àdéhùn náà

Ní ọdún 1975 ni a dá Àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní ìlú Èkó. Ní ọdún 1979, àjọ náà là á sílẹ̀ pé kí irè oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ kan máa wọ ilẹ̀ kejì láìsan owó ibodè. Ní ọdún 1990, a fi ọjà ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kún un. Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà wà nínú àdéhùn yìí.

Oríṣi ọjà mẹ́ta

Èkíní ni irè oko àti ẹran ọ̀sìn tí a kò tí ì sọ di nǹkan mìíràn, bí iṣu, àlùbọ́sà àti ewúrẹ́. Èkejì ni iṣẹ́ ọwọ́, bí adìrẹ, ẹní àti apẹ̀rẹ̀. Méjèèjì yìí kò nílò ìwé-ẹ̀rí orísun ọjà. Ẹ̀kẹta ni ọjà ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ní láti kọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí, kí ìwé-ẹ̀rí orísun sì bá ẹrù náà rìn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́

Àìsan owó ibodè kì í ṣe àìṣe àyẹ̀wò. Ohun ọ̀gbìn àti ẹran gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí ìlera, a sì gbọ́dọ̀ fi gbogbo ẹrù han aṣọ́bodè. Àwọn ọjà kan sì wà tí òfin Nàìjíríà kò gbà kí a kó jáde, bí igi gẹdú àti awọ ẹran tí a kò tí ì ṣe.

Ìdí tí àyẹ̀wò fi ṣe pàtàkì kò jìnnà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1015 + 1000, èyíinì ni 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ wa dúró, nítorí pé wọ́n bá oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Àgbẹ̀ tí kò lo oògùn náà pàdánù pẹ̀lú ẹni tí ó lò ó.

Kí a tó di ẹrù

1. Ẹ béèrè bóyá òfin gba ọjà náà láyè.
2. Ẹ gba ìwé-ẹ̀rí ìlera ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò.
3. Ẹ kọ iye ẹrù àti iye owó rẹ̀ sílẹ̀.
4. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí fún owó yòówù tí ẹ bá san.
5. Ẹ wádìí bí ọ̀nà ti rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ibodè orí ilẹ̀. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí a tó tún ṣí Sẹ̀mẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

Ọjà wo ni abúlé wa ń tà sí òkèèrè? Nínú oríṣi mẹ́ta, èwo ni ó bọ́ sí? Ta ni yóò lọ wádìí ìwé tí ó yẹ fún wa?