Ẹ Jẹ́ Kí Òṣùwọ̀n Yín Bára Mu

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ omi, kí ẹ tó jókòó, ẹ kọ́kọ́ wo kànga ẹ̀yìnkùlé mi ní Kabala Costain, nílùú Kaduna yìí. Lóṣù kẹsàn-án, ọmọdé lè fi okùn kúkurú fa omi rẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, okùn yẹn kò ní í tó mọ́, ẹrẹ̀ ni garawa ń kó bọ̀. Bí ọ̀kan nínú yín bá wọ̀n ọ́n nígbà òjò, tí èkejì wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì máa kọ sínú fáìlì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yín kò ní í bára mu. Oṣù tí gbogbo ọ́fíìsì máa wọn omi, ẹ jọ fẹnu kò sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn ni tèmi, torí ìgbà tí omi bá kéré là ń mọ iye tó wà fún pínpín.

Odò Kaduna kò mọ ààlà ọ́fíìsì. Láti orí òkè Jos ló ti ń bọ̀, ó gba àdúgbò wa níhìn-ín kọjá, ó wọ dáàmù Shiroro ní ìpínlẹ̀ Niger, kó tó lọ dà sínú Odò Ọya. Àjọ agbègbè odò, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ sọ di mọ́kànlá ní 1976, wà lójú ọ̀nà rẹ̀, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òfin omi ti 1993 fi omi abẹ́ ilẹ̀ àti omi tó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀, ìlànà ìwé àṣẹ sì jáde ní 2016. Ẹ wo odò Gurara náà: ìpínlẹ̀ Kaduna ni dáàmù rẹ̀ wà, Àbújá ni páìpù ń gbé omi rẹ̀ lọ, nǹkan bí kìlómítà 75. Bí ọ́fíìsì méjì bá ń fi òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pín irú omi bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò ni ìyà rẹ̀ máa jẹ.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, fáìlì kan dé ọ̀dọ̀ mi láti ọ́fíìsì míì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 10,000 lóòjọ́. Mo kà á sí lítà, mo sì fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé gálọ́ọ̀nù ni wọ́n ní lọ́kàn, gálọ́ọ̀nù ayé àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀kan ń gba lítà mẹ́rin àbọ̀. Omi tí mo fàṣẹ sí ti di 45,000 lítà. Ojú tì mí, mo ní kí wọ́n dá ìwé náà padà. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà tí kò bá ní orúkọ lẹ́yìn kì í gba ìfọwọ́sí mi. Ẹ béèrè wákàtí pẹ̀lú o. Páǹpù tó ń fa lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa fa 86,400 lítà bó bá ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n 21,600 péré ni ní wákàtí mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni "omi ilé". Òfin gba onílé láyè láti fa omi tí ilé rẹ̀ ń lò láìgba ìwé àṣẹ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n obìnrin kan gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, ó yọ ẹnu ẹ̀rọ síta ògiri, ọmọlanke àwọn mai ruwa, ìyẹn àwọn tó ń ta omi kiri, tò síbẹ̀ láti ìdájí, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kún orí wọn. Ọ́fíìsì kan pè é ní omi ilé, òmíràn ní òwò ni. Èmi ní òwò ni, àmọ́ ẹ má fi owó gọbọi lé e sá, torí òun ló ń fún òpópónà lómi níbi tí ẹ̀rọ ìjọba kò ti yọ. Ghana ṣe é dáadáa nínú ìlànà wọn ti 2001, tó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè wọn: ẹni tí páǹpù rẹ̀ kò bá fà ju lítà márùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò nílò ìwé àṣẹ, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà forúkọ sílẹ̀. Omi tí ẹ kò bá kọ sílẹ̀, ẹ máa tún un pín fún ẹlòmíràn.

Ẹ má wá rò pé iye kan náà ni mo ní kí ẹ fún gbogbo ayé. Orí àpáta ni Kaduna wà. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta àti inú pàlàpálá rẹ̀ ni omi wa ń sá pamọ́ sí. Lórí yanrìn ni Èkó wà ní tirẹ̀. Ohun tí bọ́ọ̀hóòlù kan lè fà níbẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára lè gbẹ kànga ilé mẹ́ta níhìn-ín. Ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù ni kó rí bákan náà. Ìdáhùn, ilẹ̀ ló ń fúnni.

Ó yá, ẹ dìde. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa ìsàlẹ̀ téèpù onírin yìí, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga, ẹ fà á sókè. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti dúdú ni omi dé. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ wákàtí, ẹ kọ bóyá páǹpù kan ń ṣiṣẹ́ nítòsí. Kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n: orí sìmẹ́ǹtì ẹnu kànga ni àbí ilẹ̀. Mo ti bẹ aládùúgbò mi, ó pa páǹpù rẹ̀ láti alẹ́ àná. Ẹ ṣe wéré, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí omi wẹ̀.