Oúnjẹ Owó Pọ́ọ́kú Tí Àwọn Ọmọ Yóò Jẹ Tán

ÌBÉÈRÈ

Mọ́níyà, n'Ìbàdàn níbí, ni mò ń gbé. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọkọ mi ń wa ọkọ̀ èrò. Ọmọ mẹ́rin la bí. Ìbejì ló kẹ́yìn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa. Owó oúnjẹ tó ń tó wa fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́lẹ̀, kì í lo ọ̀sẹ̀ kan pé mọ́. Mo wá pinnu pé n ó ṣe àtẹ oúnjẹ ọ̀sẹ̀, kí n lè mọ ohun tí a ó jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo kó oríṣiríṣi oúnjẹ tuntun jọ láti orí fóònù mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ sè, ọ̀dùnkún tí wọ́n gún mọ́ ẹ̀wà, tí wọ́n sì fi bọ́tà sí, àwọn ọmọ tọ́ ọ wò, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owó tí mo ná sí i dùn mí wọra. Bàbá wọn náà ní tiẹ̀ o: bí ẹran ò bá sí nínú ọbẹ̀, á ní omi lásán ni mo gbé síwájú òun. Báwo ni mo ṣe lè máa dán oúnjẹ wò láìfi owó ṣòfò, tí yóò sì jẹ́ oúnjẹ tó ń ṣara lóore?

Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ọ̀ràn yín kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ìkòkò tí ẹ lò ló tóbi jù. Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò jẹ rí, wọn kì í kọ́kọ́ sè é fún ẹnu méje. Ife kan péré, nínú ìkòkò kékeré, lọ́jọ́ tí oúnjẹ mìíràn ti wà nílẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dán an wò. Bó bá dùn, wọ́n á du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí kò bá dùn, ife kan ló bá a lọ.

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Oúnjẹ owó pọ́ọ́kú kì í ṣe oúnjẹ olówó ńlá tí a yọ ẹran àti bọ́tà kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ yóò mọ̀ pé nǹkan kan dín. Àwọn oúnjẹ kan wà tí wọn ò fi ẹran ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: àdàlú, ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì, ọ̀jọ̀jọ̀. Ta ló ń béèrè ẹran nígbà tó ń jẹ ẹ̀kuru? Inú irú wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú oúnjẹ tí ilé ti mọ̀, kí ẹ pààrọ̀ ẹyọ ohun kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò wá dùn, ẹ ò ní mọ èyí tó bà á jẹ́.

Màmá tó wà lọ́dọ̀ yín mọ̀ nínú oúnjẹ wọ̀nyí ju fóònù lọ. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ojú làwọn àgbà fi ń wọn nǹkan. Ẹ fọgbọ́n ṣe é: kí màmá tó da iyọ̀ sí ìkòkò, ẹ gbé ṣíbí sábẹ́ ọwọ́ wọn, kí wọ́n dà á sínú ṣíbí ná. Kí wọ́n tó bu ẹ̀wà, ẹ fi ife gbà á. Ife kan náà, ṣíbí kan náà, nígbà gbogbo. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Láìsí ìwọ̀n, oúnjẹ tó dùn lónìí lè má dùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ò sì ní lè ṣírò owó rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi mọ́ínmọ́ín bẹ̀rẹ̀. Ìbejì ni ẹ bí, a kì í tún bá ìyá ìbejì ṣàlàyé iyì ẹ̀wà. Ohun tí ẹ ó pààrọ̀ ni pé ẹ ó fi ẹ̀wà sóyà díẹ̀ kún un. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà wa gbígbẹ, purotéènì tó ń mú ọmọ dàgbà tó nǹkan bíi gíráàmù 23. Ti sóyà tó nǹkan bíi 36. Gàrí kì í tó gíráàmù 2. Sóyà kì í ṣe nǹkan àjèjì ládùúgbò yín: IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, wà lára àwọn tó kọ́ àwọn obìnrin bí wọn ṣe lè fi sóyà sínú oúnjẹ ìbílẹ̀, láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980.

Ife ẹ̀wà mẹ́ta sí ife sóyà kan ni ti gbogbo ilé. Èyí tí ẹ ó fi dánra wò kò ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ. Ẹ ṣa sóyà, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kí ó hó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá bó èèpo rẹ̀ kí ẹ sì da omi náà nù. Ẹ má fo èyí o. Sóyà tútù ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí inú lo purotéènì bó ṣe yẹ, iná ló ń pa á. Òórùn ẹ̀wà tútù tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ náà yóò sì dínkù. Ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà tí ẹ ti rẹ tí ẹ sì ti bó, pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ata rodo ńkọ́? Ẹ lọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ bu ti ìbejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó fi sí i. Lẹ́yìn náà ni òróró, iyọ̀ àti ṣíbí edé lílọ̀ méjì.

Omi ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Sóyà ń fa omi ju ẹ̀wà lọ, nítorí náà ìwọ̀n omi tó ti mọ́ yín lára lè mú un le. Ẹ máa bù ú sí i díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi máa ṣàn kúrò lójú ṣíbí láìyára. Kí ẹ tó pọ́n gbogbo rẹ̀, ẹ bu ṣíbí méjì sínú ewé, ẹ sè é fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá le, ẹ fi omi sí i. Bó bá tẹ́, ẹ fi iyọ̀ sí i. Ṣíbí méjì yẹn á gba gbogbo ìkòkò là. Ewé eéran tàbí agolo ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀rá. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn ìbejì ò jẹ sóyà rí, díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn, kí ẹ wò ó bóyá ara ò ní máa yún wọn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Iye tí ẹ ná lọ́jà kọ́ ni owó oúnjẹ. Iye tí àwo kan jẹ ni. Ká ní kóńgò ẹ̀wà yín jẹ́ ife mẹ́jọ, ife mẹ́ta á jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ owó kóńgò náà. Ẹ ro ti sóyà, òróró, ata, edé, ewé àti owó ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ẹ má gbàgbé gáàsì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rọ ọ́ àti ọjọ́ tó tán, ẹ pín owó rẹ̀ sí iye ọjọ́ náà, ẹ ó mọ ohun tó ń jẹ lóòjọ́. Ẹ wá pín àpapọ̀ gbogbo owó náà sí àwo mẹ́fà, nítorí pé àwo kan ni mo ka ìbejì méjèèjì sí.

Ìṣirò yìí máa ń tú àṣírí àwọn nǹkan kan. Ẹ̀wà tí wọ́n tà ní pọ́ọ́kú, àmọ́ tó ní láti hó fún wákàtí mẹ́ta, kò pọ́ọ́kú mọ́. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ jẹ́ kó hó díẹ̀, ẹ paná, ẹ dé e pa fún wákàtí kan kí ẹ tó tún tanná. Kò ní pẹ́ jinná. Kánún ń jẹ́ kó yá lóòótọ́, àmọ́ ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́. Mi ò fẹ́ ẹ nínú oúnjẹ ọmọ.

Bí oúnjẹ bá délẹ̀, ẹ má bi àwọn ọmọ pé ṣé ó dùn. Wọ́n á ní ó dùn, kí ẹ má baà bínú. Àwo wọn ni kí ẹ wò: kí ni wọ́n ṣẹ́kù? Ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ta ló ti ń wá gàrí kiri? Ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Bó bá yege, ẹ tún un sè lálẹ́ ọjọ́ iléèwé, nígbà tó ti rẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ tó dára ní Àbámẹ́ta ni apá ò ká ní Ìṣẹ́gun. Irú wọn kò gbọdọ̀ wọ àtẹ àárín ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ tuntun méjì lóṣù ti tó.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bàbá. Ẹ má yọ ẹran lẹ́ẹ̀kan náà, ìjà lẹ ń wá yẹn. Ẹ fi ẹran sílẹ̀ fún ọbẹ̀ Àìkú, kí ẹ sì gún ṣàwá yíyan sínú ẹ̀fọ́ àárín ọ̀sẹ̀, kó lè jẹ́ pé gbogbo òkèlè ló ń bá ẹja pàdé. Eegun rẹ̀ tó bá kúnná dáadáa tún wúlò fún egungun àti eyín. Ní ti pọ̀nmọ́, mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má kà á sí ẹran: purotéènì inú rẹ̀ kò pé. Ọsàn kan lẹ́yìn ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀wà ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú wọn; tíì ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń dènà rẹ̀ ni. Ẹ sì fi ìwé ìṣirò yín han bàbá. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ mọ ìtumọ̀ kí epo gbówó lórí.

Àtẹ fúnra rẹ̀ kò nílò ariwo púpọ̀. Ẹ̀wà ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó má jọra: àdàlú lọ́jọ́ Ajé, gbẹ̀gìrì àti ewédú ní Ọjọ́bọ̀, àkàrà àti ògi láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Ẹ̀wà tí ẹ lọ̀ fún àkàrà náà ni ẹ ó mú ìdajì rẹ̀ fi ṣe mọ́ínmọ́ín ọ̀sán ọjọ́ yẹn, owó ẹ̀rọ kan ni ẹ ó san. Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀fọ́ sí i. Ẹ kọ "ẹ̀fọ́ tó pọ̀ lọ́jà", ìbáà ṣe tẹ̀tẹ̀, ìbáà ṣe gbúre. Tí tòmátì bá wọ́n nígbà òjò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà tó ọbẹ̀ sè. Kí ẹ sì fi alẹ́ ọjọ́ méjì sílẹ̀ lófìfo fún oúnjẹ àṣẹ́kù, nítorí pé bí iná ṣe ń ṣe yìí, kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ló ṣeé gbé sí fíríìjì.

Ẹ dán mọ́ínmọ́ín náà wò ní Àbámẹ́ta yìí, ìdá mẹ́rin péré o. Ẹ kọ̀wé padà sí wa, kí ẹ sọ iye tí àwo kan jẹ yín àti ẹni tó ṣẹ́ oúnjẹ kù.